Mẹ́mọ́rì Tí Kò Bára Mu Nínú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Lè Mọ Àrùn Náà àti Bí A Ṣe Lè Wò Ó

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò tí ń jẹ àgbàdo. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé, "Kí ló kan àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?" Ó kàn wá, ó sì kàn wá gidigidi. Inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń kọ owó ìpín, owó ìfowópamọ́ àti gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ sí báyìí. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ìdánwò JAMB, nítorí láti ọdún 2015 ni ìdánwò náà ti kúrò lórí bébà. Bí kọ̀ǹpútà ibùdó bá ń ṣòjòjò, owó wa àti ọmọ wa ni àìsàn náà ń bá jà.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní ibùdó ni tòkunbọ̀. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ẹnìkan á sì wí pé, "Ẹ fi mẹ́mọ́rì kún un." Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì kì í ṣe iyọ̀ tí a lè bù láti inú igbá èyíkéyìí sínú ọbẹ̀. Bí a bá fi èyí tí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu kún un, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti tàn. Ìyẹn kò burú jù, nítorí ojú wa ni yóò ṣe. Èyí tó burú jù ni kí ó tàn, kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ó sì máa kọ irọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán:

(a) iṣẹ́ tí mẹ́mọ́rì ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà;

(b) bí a ṣe ń mọ èyí tó bára mu yàtọ̀ sí èyí tí kò bára mu;

(d) bí a ṣe ń wá àrùn náà rí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, láìfi owó ṣòfò, láìsì fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

1. IṢẸ́ TÍ MẸ́MỌ́RÌ Ń ṢE

Ẹ jẹ́ kí a fi oko ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí a bá kórè ẹ̀wà, a kì í dà á sínú àká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orí ẹní ni a ń tẹ́ ẹ sí. Ibẹ̀ ni a ti ń pa á, tí a ti ń fẹ́ ẹ, tí a sì ti ń ṣà á. Èyí tó bá mọ́ ni a ń kó lọ sínú àká. Kọ̀ǹpútà náà ní àká, ó sì ní ẹní. Àká rẹ̀ ni díìsìkì, níbi tí ìwé àti àwòrán ń gbé, yálà iná wà tàbí iná kò sí. Ẹní rẹ̀ ni mẹ́mọ́rì tí a ń sọ yìí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RAM. Iṣẹ́ tí a bá ń ṣe lọ́wọ́ ni ó máa ń wà lórí rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, gbogbo ohun tó wà lórí ẹní á pòórá, àfi èyí tí a bá ti kó sínú àká.

Ẹ kíyè sí ohun méjì níbí. Èkíní, bí ẹní bá kéré, iṣẹ́ á lọ́ra, nítorí a ó máa sáré lọ sáré bọ̀ láàárín àká àti ẹní. Ìdí nìyí tí fífi mẹ́mọ́rì kún kọ̀ǹpútà fi ń mú un yára. Èkejì, bí òkúta bá bọ́ sáàárín ẹ̀wà lórí ẹní tí a kò sì rí i, yóò bá ẹ̀wà dé inú àká. Bákan náà ni àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì ṣe lè bá ìwé wa wọ inú díìsìkì, kí ó sì jókòó síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí a bá fẹ́ pín owó.

2. ÌRAN MẸ́MỌ́RÌ

Mẹ́mọ́rì jẹ́ pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a to ṣíìpù dúdú sí lára, tó sì ní eyín aláwọ̀ wúrà ní etí kan. Robert Dennard, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí irú mẹ́mọ́rì yìí ní ọdún 1968. Láti ìgbà náà ni ó ti ń yí padà. Àwọn ìran tí a lè bá pàdé nínú kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wa nìyí:

DDR, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 2000. Eyín rẹ̀ jẹ́ 184, ó sì ń jẹ iná fólítì 2.5.

DDR2, ti nǹkan bí ọdún 2003. Eyín 240, fólítì 1.8.

DDR3, ti nǹkan bí ọdún 2007. Eyín 240, fólítì 1.5. Ó ní àbúrò kan tí ń jẹ́ DDR3L, tí fólítì 1.35 tó fún.

DDR4, ti nǹkan bí ọdún 2014. Eyín 288, fólítì 1.2.

DDR5, tí wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Eyín 288, fólítì 1.1.

Iye eyín tí a kà yìí jẹ́ ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká kúrú ju èyí lọ: DDR3 tirẹ̀ ní eyín 204, DDR4 tirẹ̀ sì ní 260. Nítorí náà ti orí tábìlì kò lè wọ inú alágbèéká.

Ìran kan kò lè bá ìran mìíràn ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan. Kí ènìyàn má bàa ṣì í, àwọn tó ṣe é gé àlàfo kékeré kan sí àárín eyín, wọn kò sì gé ti ìran méjì sí ojú kan náà. DDR2 àti DDR3 ní iye eyín kan náà, ṣùgbọ́n àlàfo wọn kò dọ́gba. Bí ẹ bá ń ki mẹ́mọ́rì bọ ihò rẹ̀ tí kò wọlé, ẹ wo àlàfo yìí dáadáa. Ẹ má ṣe fi agbára tì í. Ẹni tó bá fi agbára tì í yóò ba mẹ́mọ́rì jẹ́, yóò sì ba pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà jẹ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bọ́ọ̀dù.

3. BÍ A ṢE Ń KA ÀKỌLÉ ARA RẸ̀

Bébà kékeré kan máa ń wà lára mẹ́mọ́rì. Ẹ ṣe sùúrù kà á kí ẹ tó san owó. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan kà pọ̀: 4GB 2Rx8 PC3L-12800S.

4GB ni ìtóbi ẹní náà.

2Rx8 ń sọ bí wọ́n ṣe to ṣíìpù sí ara rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa jẹ́ 1Rx8.

PC3 túmọ̀ sí DDR3. Bí ó bá jẹ́ PC2, DDR2 ni; bí ó bá jẹ́ PC4, DDR4 ni. Lẹ́tà L tó tẹ̀ lé e ń sọ pé iná kékeré, fólítì 1.35, tó fún un.

12800 ni ìyára rẹ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 8, a ó rí 1600. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń pè é ní DDR3-1600. PC3-10600 ni DDR3-1333, PC4-19200 sì ni DDR4-2400.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn ń sọ ilé tí ó lè gbé. S ni ti alágbèéká. U ni ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán. R ni ti kọ̀ǹpútà ńláńlá tí àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ń lò. Ẹ ṣọ́ra fún R yìí. Ó máa ń wá sí ọjà àlòkù, owó rẹ̀ sì máa ń fani mọ́ra, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tiwa kò lè lò ó.

4. ÌYÀTỌ̀ TÓ ṢEÉ FARA DÀ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ ṢEÉ FARA DÀ

Òtítọ́ ni pé ìka kò dọ́gba, síbẹ̀ wọ́n jọ ń gbé ọkọ́. Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín mẹ́mọ́rì méjì.

Bí ìyára wọn bá yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní Òkè Ọya ti rí màlúù méjì tí a so mọ́ àjàgà kan láti túlẹ̀. Bí ọ̀kan bá yára tí èkejì sì lọ́ra, ẹsẹ̀ èyí tó lọ́ra ni àwọn méjèèjì yóò fi rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti mẹ́mọ́rì. Bí a bá so 1600 pọ̀ mọ́ 1333, 1333 ni àwọn méjèèjì yóò máa sá. Ẹni tó bá ra èyí tó yára jù ní owó gọbọi láti fi kún èyí tó lọ́ra kò rí èrè ìyára náà.

Bí ìtóbi wọn bá yàtọ̀, bíi 2 GB àti 4 GB, wọ́n sábà máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n bá yàtọ̀, wọ́n lè ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé a ní "sábà" àti "lè". Mẹ́mọ́rì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀ láti dáhùn bí a bá béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀dù ni ó ń wá ìwọ̀n kan tí yóò rọ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Nígbà mìíràn ìwọ̀n náà á fún ọ̀kan lọ́rùn díẹ̀. Yóò máa dáhùn dáadáa nígbà tí ara rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tí ara rẹ̀ gbóná, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àìbáramu yìí ló ṣòro jù láti mọ̀.

Èyí tí kò ṣeé fara dà rárá ni kí ìran yàtọ̀, tàbí kí a so R pọ̀ mọ́ U. Àwọn alágbèéká kan sì wà tó jẹ́ pé DDR3L nìkan ni wọ́n ń gbà. Bí a bá fi DDR3 fólítì 1.5 sí wọn, wọn kò ní tàn. Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tún ní òdiwọ̀n ìtóbi tí kò lè kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé 4 GB ni ihò kan lè gbà, a kò lè fi 8 GB sínú rẹ̀ kí a sì máa retí ire.

5. ÀWỌN ÀMÌ ÀRÙN NÁÀ

(a) Kọ̀ǹpútà gba iná, fáànù rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú. Ó lè máa dún "píì, píì", tàbí kí iná kékeré ara rẹ̀ máa ṣẹ́jú.

(b) Ó ń pa ara rẹ̀ tó sì ń tan ara rẹ̀ láìsí ẹni tó sọ fún un.

(d) Ojú rẹ̀ di búlúù lójijì, ó sì kọ ọ̀rọ̀ bíi MEMORY_MANAGEMENT síbẹ̀.

(e) Ó dákẹ́ gbagidi, bọ́tìnì kankan kò ṣiṣẹ́.

(ẹ) Iye mẹ́mọ́rì tí ó ń kà kéré sí iye tí a fi sínú rẹ̀.

(f) Fáìlì tó ń ṣí lánàá kọ̀ láti ṣí lónìí, tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé àmì (ẹ) díẹ̀. Bí ẹ bá fi 8 GB sínú kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń kà á bíi 3 GB lé díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ àrùn. Irú Windows tí wọ́n ń pè ní 32-bit kì í rí ju 4 GB lọ, kì í tilẹ̀ lo gbogbo rẹ̀ tán. Irú 64-bit ni ó lè lo èyí tó kù.

6. ÀPẸẸRẸ LÁTI IBÙDÓ KAN

Àwa tí à ń bójú tó ìgbáyégbádùn ará ibùdó, ìjà ni a sábà máa ń bá pàdé kí a tó bá ẹ̀rọ pàdé. Ní ibùdó kan, kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní mẹ́mọ́rì 2 GB kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ PC3-10600. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ra 4 GB àlòkù, PC3-12800, ó sì fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Wọ́n fi í sínú ihò kejì. Kọ̀ǹpútà tàn, ó yára, gbogbo ènìyàn sì dúpẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó ń pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní iná tí kò dúró ló fà á.

Nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, wọ́n fẹ́ pín èrè. Owó tó wà nínú ìwé kọ̀ǹpútà fi ₦16,000 ju owó tó wà nílẹ̀ lọ. Ta ni ó kó o? Akọ̀wé ni ojú gbogbo ènìyàn lọ sára. Àwọn kan kò kí i mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò lè lọ sí ibi ìpọnmi láìgbọ́ òwe. Ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá.

A kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé. A ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mú káàdì ìfowópamọ́ wọn wá, káàdì bébà tí a ń fọwọ́ sí. A kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn méjì péré ni ti wọn kò bá ti kọ̀ǹpútà mu. Ìyá kan ní ₦21,500 nínú káàdì, kọ̀ǹpútà sì pè é ní ₦29,500. Bàbá kan ní ₦40,000, kọ̀ǹpútà sì pè é ní ₦48,000. ₦8,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lé, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦16,000 gééré. Owó kankan kò sọnù. Owó tí kò sí rí ni kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀.

Báwo ni èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀? Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju 0 àti 1 lọ. Bí akọ̀wé bá tẹ 1 sínú ìwé, 00110001 ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí rẹ̀. Bí ó bá tẹ 9, 00111001 ni. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn: ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 0, tó jẹ́ 00110000, àti 8, tó jẹ́ 00111000. Ojú kan náà gan-an ni. Bí mẹ́mọ́rì bá ṣi ojú kan yìí sọ, 1 á di 9, 0 á sì di 8. Bí akọ̀wé bá wá tẹ bọ́tìnì pé kí kọ̀ǹpútà fi ìwé pamọ́, irọ́ náà ti wọ àká nìyẹn.

A fi ètò ìdánwò yẹ mẹ́mọ́rì náà wò. Nígbà tí 2 GB dá wà, kò ní àṣìṣe. Nígbà tí 4 GB dá wà, kò ní àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n wà pọ̀, àṣìṣe kún ojú ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Wọn kò kàn lè gbé pọ̀ ni. Ẹgbẹ́ fi 4 GB sílẹ̀ lóun nìkan, wọ́n tún ìwé ṣe láti inú káàdì, wọ́n sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ akọ̀wé ní gbangba.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí ṣe ibi ìsádi. Akọ̀wé tó bá kówó jẹ kò gbọ́dọ̀ wí pé mẹ́mọ́rì ni. Bébà ni ó dá ẹjọ́ yìí, ìdánwò ni ó sì jẹ́rìí sí i. Níbi tí kò bá ti sí káàdì bébà, kò sí ohun tí a lè fi gba olóòótọ́ là, kò sì sí ohun tí a lè fi mú olè.

7. BÍ A ṢE Ń WÁ ÀRÙN NÁÀ RÍ

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ yìí: ohun kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí ohun mẹ́ta padà pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣe oore, kò sì ní mọ èyí tó ṣe ibi.

Ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ dá owó kíkọ sínú kọ̀ǹpútà náà dúró. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ kó àwọn ìwé sórí fílaṣì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó wọn lé ẹ̀dà àtijọ́ lórí. Ẹ̀dà tí ẹ ṣe kí àrùn tó dé lè jẹ́ òun nìkan ló mọ́. Ẹ lo fílaṣì mìíràn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i lára.

Ìgbésẹ̀ kejì. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri. Bí ó bá jẹ́ alágbèéká, ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì. Èyí ṣe pàtàkì gan-an ní àkókò ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń mú kí iná kóra jọ sí ara wa, irú èyí tí ń ta wá lọ́wọ́ bí a bá bọ́ aṣọ tàbí tí a di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Iná tí kò ju pé kó ta wá lọ lè pa ṣíìpù.

Ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ yọ mẹ́mọ́rì. Ẹ ti ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, yóò dìde fúnra rẹ̀. Etí ni kí ẹ ti dì í mú, kì í ṣe eyín. Bí eyín rẹ̀ bá ṣú, ẹ fi ìrésà tí ọmọ ilé-ìwé ń lò rọra nù ún, kí ẹ sì gbọn erùpẹ̀ ìrésà dànù pátápátá. Eruku nìkan ló ń dá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà dúró ní ibùdó wa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ dá ti àtijọ́ nìkan padà sí ihò tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ tì í títí tí ìdè yóò fi dún "kà". Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì lò ó títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fi tuntun nìkan sí ihò kan náà. Ẹ tún lò ó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà. Ẹ dán ihò kejì wò pẹ̀lú mẹ́mọ́rì kan tí ẹ ti mọ̀ pé ó dára.

Ìgbésẹ̀ keje. Ẹ fi ètò ìdánwò ṣe ẹlẹ́rìí. Windows ní tirẹ̀: ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ mdsched, kọ̀ǹpútà yóò sì pa ara rẹ̀ kí ó tún tàn láti yẹ mẹ́mọ́rì wò. Òmíràn ni Memtest86+, ọ̀fẹ́ ni, orí fílaṣì ni a sì ti ń lò ó. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, nítorí náà ẹ ṣe é nígbà tí iná yóò dúró. Mẹ́mọ́rì tó dára kì í ní àṣìṣe kankan. Ẹ má ṣe wí pé, "Ọ̀kan péré ni." Òkúta kan ló ń ká ènìyàn léyín.

Lẹ́yìn èyí, ìdájọ́ kò ṣòro:

Bí ti àtijọ́ bá dára tí tuntun kò sì dára lóun nìkan, tuntun bàjẹ́ tàbí kò bá bọ́ọ̀dù mu. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bí ihò kejì bá ń dá wàhálà sílẹ̀ pẹ̀lú mẹ́mọ́rì tó dára, ihò ló ní àrùn.

Bí àwọn méjèèjì bá dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ihò méjèèjì sì dára, ṣùgbọ́n tí wàhálà dé nígbà tí wọ́n wà pọ̀, wọn kò bára mu.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì ń ṣe bákan náà, ẹ fi mẹ́mọ́rì sílẹ̀. Ẹ wo iná, ẹ wo fáànù àti ooru, ẹ wo díìsìkì, ẹ sì wo fáírọ́ọ̀sì.

8. ÌWÒSÀN FÚN MẸ́MỌ́RÌ TÍ KÒ BÁRA MU

Ohun mẹ́ta ni a lè kọ́kọ́ gbìyànjú láìná kọ́bọ̀. A lè pààrọ̀ ihò wọn, kí ti apá ọ̀tún di ti apá òsì. A lè mú kí bọ́ọ̀dù gbàgbé ètò àtijọ́: kí a yọ bátìrì roboto bí owó ẹyọ tó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí iná kò sí lára rẹ̀, kí a sì dá a padà. Lẹ́yìn èyí, kọ̀ǹpútà lè béèrè ọjọ́ àti aago lọ́wọ́ wa. A sì lè wọ inú BIOS, níbi tí ètò ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà wà, kí a dín ìyára mẹ́mọ́rì kù. Bí ẹnìkan bá ti tan ètò XMP níbẹ̀, tí ń mú mẹ́mọ́rì sáré kọjá ìwọ̀n, kí a pa á.

Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tún ìdánwò ṣe. Bí àṣìṣe bá ṣì wà, kí a má ṣe fi ipá so wọ́n pọ̀ mọ́. Kí a fi èyí tó tóbi sílẹ̀ lóun nìkan. Kọ̀ǹpútà tó lọ́ra tó sì ń sọ òtítọ́ sàn ju èyí tó yára tó ń purọ́ lọ. Bí owó bá sì wà, ohun tó dára jù ni kí a ra méjì tó jẹ́ ìbejì, tí àkọlé wọn kò yàtọ̀ rárá. Irú wọn a máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí sì tún ń fi ìyára kún kọ̀ǹpútà.

Kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ mú mẹ́mọ́rì àtijọ́ dání, tàbí kí ẹ da àkọlé rẹ̀ kọ láìfi lẹ́tà kan sílẹ̀. Ẹ bá olùtajà ṣe àdéhùn pé bí kò bá bá tiyín mu, yóò gbà á padà, kí ó sì kọ ọjọ́ àdéhùn náà sínú rìsíìtì. Nígbà tí ẹ bá fi í sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣe ìdánwò kí ọjọ́ àdéhùn tó pé, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó kọ owó ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àká kọ̀ǹpútà àti ẹní rẹ̀? Èwo ni ń ṣófo bí iná bá lọ?

2. Àkọlé mẹ́mọ́rì kan ni 4GB PC4-19200U. Ìran wo ni? Kí ni ìyára rẹ̀ bí a bá pín in sí ọ̀nà 8? Ṣé ó lè wọ inú alágbèéká?

3. A so DDR3-1600 pọ̀ mọ́ DDR3-1333. Ìyára wo ni àwọn méjèèjì yóò máa sá?

4. Mẹ́mọ́rì méjì dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ihò méjèèjì sì dára, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń pa ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà pọ̀. Kí ni ìdájọ́ yín? Ohun mẹ́ta wo ni ẹ ó kọ́kọ́ gbìyànjú?

5. Èé ṣe tí kò fi yẹ kí a kó ìwé tuntun lé ẹ̀dà àtijọ́ lórí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣàìsàn?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ìwé ìkọ̀wé kan fún kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Kí ó kọ irú mẹ́mọ́rì tó wà nínú rẹ̀ sí ojú ewé kìíní, pẹ̀lú ọjọ́ tí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i àti ẹni tó fi í sí i. Ọjọ́ tí ojú ẹ̀rọ bá di búlúù, tàbí tí ó bá pa ara rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí náà sílẹ̀. Ní ìparí oṣù, kí ènìyàn méjì tí kì í ṣe akọ̀wé mú káàdì ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá, kí wọ́n fi wé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n rí i. Iṣẹ́ yìí kò ní gbà ju ìdajì wákàtí lọ, ó sì lè gba orúkọ ọmọlúàbí là.